Ẹ̀tù Tó Ń Dá Iná, Ẹ̀tù Tó Ń Pa Iná

   

Nígbà tí àwọn tó ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìbọn, ẹ̀tù àti àtíkè inú agolo apaná, mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ṣi ẹni pè ni. Ọmọ ọdẹ ni mí lóòótọ́, ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ni mo sì fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ girama. Síbẹ̀, kí ló pa ìbọn pọ̀ mọ́ apaná? Ó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kí wọ́n tó fi ìwé kan ránṣẹ́, irú ìwé tí ọmọ iléèwé ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá sí. Ìbéèrè mọ́kàndínlógún ló wà níbẹ̀. Àwọn ọdẹ kọ díẹ̀, àwọn ọlọ́jà ló kọ èyí tó pọ̀ jù, ọmọdé kan sì fi bírò pupa béèrè bóyá èèyàn lè yìnbọn nínú òṣùpá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kejì ni mo tó rí i pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè láìmọ̀: ibo ni iná ti ń rí èémí?

Mi ò ní dáhùn wọn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ẹ má bínú. Àwọn kan níbẹ̀ ò gbà ju gbólóhùn kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀tù. Bí oníṣègùn bá jó egbò àti ewé nínú ìkòkò títí tó fi dúdú, tó lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ̀tù ló ń pè é. Ohun dúdú tí ọdẹ ń rọ sẹ́nu ìbọn, ẹ̀tù náà ni. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé àwa nìkan la so oògùn àti ìbọn mọ́ orúkọ kan báyìí, àfi ìgbà tí mo kà nípa àwọn ará Ṣáínà. Huoyao ni wọ́n ń pe ẹ̀tù ìbọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni oògùn iná. Àwọn ẹlẹ́sìn Tao tó ń wá oògùn àìkú kiri ló kọ́kọ́ ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹsàn-án. Ohun tí wọ́n ń sè gbiná mọ́ wọn lọ́wọ́, ó jó wọn lójú, ilé tí wọ́n wà náà sì jóná. Ìwé wọn kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn. Àìkú ni wọ́n ń wá o. Nígbà tó fi di ọdún 1044, ìwé ogun tí wọ́n ń pè ní Wujing Zongyao ti ní àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ fún àwọn jagunjagun.

Ohun mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀tù dúdú: èédú, imí ọjọ́, àti iyọ̀ kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní saltpetre, èyí tí àwa tí a kọ́ kẹ́mísìrì ń pè ní pọtásíọ̀mù náítíréètì. Èédú ni oúnjẹ iná. Imí ọjọ́ ló ń jẹ́ kó tètè ràn. Ṣùgbọ́n iyọ̀ yẹn lọ̀gá, nítorí òun ló gbé ọ́síjìn pamọ́ sínú. Ìbéèrè kẹrìnlá ní kí n sọ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń pò wọ́n pọ̀. Mi ò ní sọ ọ́. Ẹni tó kọ ọ́, bí a bá pàdé lóde, èmi náà ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ bi í.

Ìyá tó ń dín àkàrà mọ̀ pé bí epo bá gbiná nínú agbada, kí òun pa iná abẹ́ rẹ̀, kí òun sì fi ìdérí dé e. Kò kọ́ ọ níléèwé kankan. Ó mọ̀ pé iná ń mí, àti pé bí èémí rẹ̀ bá pin, yóò kú. Ẹ̀tù ò sí nínú òfin yìí. Ó ti gbé èémí tirẹ̀ sápò kó tó kúrò nílé. Ìdí nìyẹn tó fi lè jó nínú ọ̀pá ìbọn tí wọ́n ti kì pa, níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti lè wọlé. Ó ń jó ní wàràwàrà, ó ń di afẹ́fẹ́ gbígbóná tó fẹ̀ ju àyè tó wà lọ lọ́nà tó pọ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo tó sì rí ni ẹnu ìbọn. Ọta tó dínà ló máa kọ́kọ́ jáde. Nítorí náà, ọmọ mi tó fi bírò pupa kọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni, ìbọn á yìn nínú òṣùpá. Ariwo rẹ̀ lo ò ní gbọ́, nítorí kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò gbé e wá sétí rẹ.

Kí ló dé tí ẹ̀tù tó bọ́ sómi kì í dún mọ́? Nítorí iyọ̀ ni ọ̀gá inú rẹ̀, iyọ̀ sì ń yọ́ nínú omi. Bí ẹ bá tilẹ̀ sá a tó gbẹ, iyọ̀ náà ti ṣí kúrò nídìí èédú; ẹ̀tù àná kọ́ nìyẹn mọ́.

Èéfín ńkọ́? Ọdẹ kan béèrè ìdí tí ṣakabùlà òun fi ń rú èéfín bí ẹni ń sun oko. Bí ẹ̀tù dúdú bá jó, ó lé ní ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ tí kì í di afẹ́fẹ́ rárá, lẹ́búlẹ́bú ló ń dà. Òun lẹ ń rí tó funfun lójú ọ̀run, òun náà ló ń lẹ̀ mọ́ inú ìbọn, tó ń jẹ irin bí ẹ ò bá fọ̀ ọ́. Bàbá mi kì í sùn láìfi omi gbígbóná fọ ìbọn tó bá yìn lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó.

Ẹ fojú inú wo irú èéfín bẹ́ẹ̀ lójú ogun, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbọn ti ń dún. Ilẹ̀ wa mọ̀ ọ́n. Nínú ogun Òwu, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Òwu mọ idà agẹdẹńgbé lò jù, wọ́n sì gbójú. Àwọn Ìjẹ̀bú tó dojú kọ wọ́n pẹ̀lú Ifẹ̀ ni ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, nítorí wọ́n sún mọ́ etíkun tí Òyìnbó ti ń tà á. Samuel Johnson kọ èyí sínú The History of the Yorubas. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá di ọ̀nà etíkun mú ló di ẹ̀tù mú. Ìbàdàn rí i nígbà ogun Kírìjí tí wọ́n bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà. Ègbá àti Ìjẹ̀bú dínà mọ́ wọn, ìbọn àti ẹ̀tù sì di ohun tí wọ́n ń wá bí ẹní ń wá iyọ̀. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé ní Èkó wá ń fi ìbọn tuntun, tí wọ́n ń kì láti ìdí, ránṣẹ́ sí àwọn olórí ogun wọn, Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi. Ìró ìbọn láàárín òkè ló fún ogun náà lórúkọ: kí-rì-jì. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, ti kú sójú ogun ní ọdún tó ṣáájú.

Ní àkókò kan náà, ní ilẹ̀ Faransé, Paul Vieille ti rí ẹ̀tù mìíràn ní 1884, èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín tó sì lágbára ju ti dúdú lọ. Ọdún yẹn náà ni Hiram Maxim gbé ìbọn rẹ̀ jáde, ìbọn tó ń fi agbára ìyìn kan kì èyí tó tẹ̀ lé e. Ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù jókòó ní Brussels, wọ́n sì fòfin de títa ìbọn ìgbàlódé fún ènìyàn dúdú ní apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún ọdún 1892, lójú ogun Ìmàgbọn, ìbọn Maxim wà lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí lọ́dọ̀ Ìjẹ̀bú.

Ẹ̀tù tuntun tí Vieille rí yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọdẹ sọ̀rọ̀ lé lórí. Òun ló wà nínú kátíríìjì ìgbàlódé. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan wà tí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ kù mẹ́ta. Ẹ̀tù tán lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó tú kátíríìjì, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sẹ́nu ṣakabùlà, ó sì kì í bó ṣe máa ń kì í. Wọ́n ò rọ ìbọn yẹn fún irú agbára bẹ́ẹ̀. Ó fọ́ mọ́ ọn lójú, ọpẹ́lọpẹ́ pé ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣakabùlà tún ń fọ́ bí ènìyàn bá gbàgbé pé òun ti kì í tẹ́lẹ̀, tó tún rọ òmíràn lé e. Ẹ yé pe èyí ní iṣẹ́ ọ̀tá.

Ẹ jẹ́ kí n sáré mú àwọn ìbéèrè ọdẹ yòókù. Kátíríìjì tó bọ́ sínú iná lásán yóò bẹ́, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ kì í lọ jìnnà, nítorí kò sí ọ̀pá ìbọn tí yóò darí agbára ẹ̀tù sójú kan. Èèpo idẹ rẹ̀ tó ń fò ni kí ẹ sá fún. Ìbọn ẹ̀yẹ níbi ìsìnkú ọdẹ: ẹ̀tù nìkan ni kí ẹ kì, ẹ má fi ọta sí i, torí ọta tó bá gòkè ń bọ̀ nílẹ̀, kò sì mọ ẹni tó wá jẹ̀bà. Òfin ńkọ́? Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta, ìbọn tí a ń kì lẹ́nu sì ni ẹ̀kẹta. Ìwé àṣẹ wà fún òun náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Wọn kì í fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, tàbí ẹni tí kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí.

Ó kù sọ́wọ́ àtíkè.

Ní 1723, ní London, onímọ̀ kẹ́mísìrì kan tó ń jẹ́ Ambrose Godfrey gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun èlò apaná. Àgbá ni, ohun olómi tó ń pa iná ló kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín omi náà ni ó gbé ẹ̀tù ìbọn sí, nínú ohun onírin kékeré. Bí ilé bá ń jó, wọ́n á fi iná sí okùn rẹ̀, ẹ̀tù á bú, omi á sì fọ́n ká gbogbo yàrá. Ẹ̀tù ìbọn ló wà nínú agolo apaná tó ṣáájú gbogbo èyí tí mo mọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí mo ka èyí ni mo tó dárí ji àwọn tó ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni George William Manby. Òun náà fi ẹ̀tù gba ẹ̀mí là. Ní 1808, ó fi àgbá kékeré yin okùn sí ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ rì lẹ́bàá Great Yarmouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, okùn náà ni wọ́n sì fi kó àwọn atukọ̀ jáde. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó ṣe agolo apaná tí ènìyàn lè gbé rìn: agolo bàbà, gálọ́ọ̀nù mẹ́ta, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́ ọn ni yóò ti omi jáde. Kì í ṣe omi lásán. Omi eérú ni. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣe ọṣẹ dúdú, irú omi tí ẹ ń sẹ́ lára eérú èèpo kòkó yẹn, tí ó ń yọ̀ lọ́wọ́, tó sì ń ta, ohun tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sè gbẹ, tí wọ́n fọ̀ mọ́, ni Manby fi pò omi. Iyọ̀ pọtásíọ̀mù ni. Mọ̀lẹ́bí saltpetre inú ẹ̀tù.

Ẹ ṣe sùúrù níbí, nítorí ibí ni mo ń bá bọ̀ láti àárọ̀. Pọtásíọ̀mù kan náà. Bí ẹ bá so ó mọ́ náítíréètì, ó gbé ọ́síjìn fún iná. Bí ẹ bá so ó mọ́ ohun tó wà nínú eérú, ó ń pa iná. Àtíkè inú ọ̀pọ̀ agolo apaná lónìí, sódíọ̀mù tàbí pọtásíọ̀mù báíkábọ́néètì ni, tàbí ọmọ ìyá wọn. Ti sódíọ̀mù yìí ni ẹlẹ́búrẹ́dì ń pè ní sódà. Kaun tí ẹ fi ń se ewédú, méjì nínú ìdílé náà ló para pọ̀ di òun. (Ẹni tó bá lọ bu kaun sórí iná gáàsì lọ́la, kó má dárúkọ mi.)

Báwo ló ṣe ń pa iná? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ló kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ bí erùpẹ̀. Díẹ̀ nìyẹn. Inú ahọ́n iná, àwọn ẹ̀ka kéékèèké kan wà tí ẹyọ kan ń bí òmíràn, òmíràn ń bí òmíràn, wàrà bí eéṣú. Àtíkè ń mú wọn kí wọ́n tó bímọ. Ìrandíran iná ló ń gé kúrú, ìdí nìyẹn tó fi ń kú lójijì bí ẹni pa fìtílà. Kódà àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù fún ìbọn ńlá mọ̀ ọ́n: wọ́n ń bu iyọ̀ pọtásíọ̀mù díẹ̀ sí i, kí ahọ́n iná má baà yọ lẹ́nu ìbọn, kí ọ̀tá má baà mọ ibi tó ti dún.

Oríṣi kejì, tí wọ́n kọ ABC sí lára, àmóníọ̀mù fọ́sféètì ló wà nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n, ajílẹ̀ ni. Òun ń yọ́ lórí igi àti aṣọ tó ń jó, ó ń lẹ̀ mọ́ wọn, ẹyín iná ò sì ní rí èémí. Ti báíkábọ́néètì ò lè ṣe ìyẹn. Ajílẹ̀ mìíràn wà tó jọ ọ́, àmóníọ̀mù náítíréètì. Ẹ gbọ́ orúkọ ìkẹyìn yẹn? Òun ló wà ní ibùdókọ̀ ojú omi Beirut, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2,750, nígbà tí ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ gbiná ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 2020. Wọ́n rán ikọ̀ panápaná ẹlẹ́ni mẹ́wàá lọ pa á. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó wà nínú ilé náà fún wọn. Gbogbo wọn ló bá a lọ, pẹ̀lú àwọn èèyàn mìíràn tó lé ní igba.

Ìdáhùn ìbéèrè tó ká mi lára jù nìyẹn, èyí tí ìyá kan kọ nítorí ọmọ rẹ̀ ń ta ẹ̀tù lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù òun: bí ẹ̀tù bá gbiná, agolo apaná wo ni kí òun rà? Kò sí. Ìyá mi, kò sí. Gbogbo apaná tó ń ṣiṣẹ́ nípa dídá èémí dúró, ẹ̀tù ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni, nítorí èémí rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ yín. Iná tó ṣì wà lókèèrè sí ẹ̀tù, ẹ lè pa á kó tó dé ibẹ̀. Bó bá ti dé ibẹ̀, ẹ fi ẹrù sílẹ̀, ẹ fi owó sílẹ̀, ẹ sá, kí ẹ sì sọ ohun tó wà nínú ilé fún panápaná kí wọ́n tó sún mọ́ ọn. Ẹ rántí ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2002, lọ́jọ́ Àìkú, tí ilé ohun ìjà bàrékè Ìkẹjà bú gbàù. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó kú, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì sí nítòsí bàrékè. Inú odò Òkè-Àfà ni wọ́n sá kó sí lókùnkùn. Ẹ rántí ìbúgbàù Bódìjà, ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní ọdún 2024. Gómìnà sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó nǹkan abúgbàù pamọ́ sínú ilé láàárín àdúgbò. Àdó olóró là ń pe bọ́ǹbù lédè wa. Àdó ni bàbá mi ń kó ẹ̀tù tirẹ̀ sí, àdó kékeré kan ṣoṣo, tó máa ń fi kọ́ sí ẹ̀yìn ilé níta, jìnnà sí ààrò. Ọdẹ àtijọ́ ò kàwé, ṣùgbọ́n kò sùn ti ẹ̀tù.

Ó ku àwọn ìbéèrè ọlọ́jà. Ṣé àtíkè náà ń pa ènìyàn? Rárá, ó ń jẹni lójú, ó ń fún ni ní àyà, oúnjẹ tó bá sì bà lé, ẹ dà á nù. Tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà tó bá bà lé, ẹ tètè nù ún, torí ó ń jẹ irin bó bá ti rí ìkúùkù omi. Ṣé ó lè pa epo gbígbóná nínú agbada? Agbára tó fi ń jáde lè ta epo náà sí yín lára, kò sì ń tu epo nínú, ó lè tún gbiná. Ìdérí yín ló dára jù. Kí ni A, B àti C yẹn? A ni igi, aṣọ àti bébà. B ni bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì. C ni gáàsì lára agolo tó ti Yúróòpù wá, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni lára èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, nítorí náà ẹ ka ara agolo kí ẹ tó sanwó. Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó? Ti inú ọkọ̀ kékeré kì í ju bí ẹ ṣe ń ka ení títí dé ẹ̀wá lọ kó tó tán. Ẹ yọ píìnì, ẹ dojú rẹ̀ kọ ìdí iná, ẹ má kọ ojú rẹ̀ sí ahọ́n iná, ẹ máa jù ú sọ́tùn-ún sósì, kí ilẹ̀kùn tí ẹ máa bá sá sì wà lẹ́yìn yín. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ lọ tún un kún, torí àtíkè tó há sẹ́nu rẹ̀ yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀.

Abẹ́rẹ́ kékeré kan wà lọ́rùn agolo náà. Bó bá wà lójú àwọ̀ ewéko, ó dára. Bó bá wà lójú pupa, irin lásán lẹ fi kọ́ ògiri. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yìí. Mo wò ó kí n tó gorí pèpéle. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà nínú pupa, aláǹtakùn sì ti ṣe ilé sí i lọ́rùn. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ni gbọ̀ngàn, kó bá mi sọ fún un kí a tó túká.